Ilé Bíríkì Tí A Dá sí Méjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta
Èmi ń sọ, ìyàwó Adákẹ́ ọmọ mi ń kọ. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ ṣe. Bí mo bá ní "òpònú", kó kọ òpònú.
Àkọ́bí mi, Alágídí, dé láti ìlú láàárọ̀. Ó ní òun fẹ́ wó apá tòun nínú ilé oko yìí, kí òun kó bíríkì rẹ̀ lọ kọ́lé sí ìlú. Adákẹ́ àbúrò rẹ̀, tí òun, ìyàwó rẹ̀ àti èmi jọ ń gbé apá kejì, gbọ́ ọ. Ó kàn ń pọ́n àdá.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin
Bàbá ọkọ mi ló kọ́ ilé náà. Amọ̀ etí odò ni wọ́n gbẹ́, wọ́n rọ ọ́ sínú àpótí pákó, wọ́n sun ún níná títí ó fi pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Ògiri nípọn débi pé mo lè nà gbalaja sójú fèrèsé, bí fèrèsé bá fẹ̀ tó mi. Kò fẹ̀. Àwọn fèrèsé náà ga, wọ́n tín-ín-rín — ìjà ààlà ilẹ̀ ló fà á. Àwọn tá a jọ pààlà máa ń wá yìnbọn. Ọta méjì ṣì wà lára ògiri níta. Ọ̀kan gba ara ìyá ọkọ mi kọjá kí ó tó débẹ̀.
Nígbà tí bàbá náà kú, ọkọ mi àti àbúrò rẹ̀ lu ara wọn bí ẹní lu bàrà nínú yàrá ńlá. Eyín mẹ́ta ni mo gbá nílẹ̀. Ẹbí wá mọ ògiri sáàárín ilé kí kálukú mú tirẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi mọ ọ́. Wọn kò so ó mọ́ ara bíríkì. Ó kàn dúró ṣánṣán síbẹ̀ ni. Àbúrò ọkọ mi kú láìbímọ, ọkọ mi náà lọ, àwọn ọmọ mi méjèèjì pín in bẹ́ẹ̀. Nínú àgbà ẹbí, èmi nìkan ló kù. Ohun tí mo bá sọ nípa ilé, abẹ gé e.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún
Òòlù. Òòlù. Orí ń fọ́ mi.

Ẹtì, ọjọ́ keje
Alágídí ṣí páànù apá tirẹ̀ tán. Mo lọ bá a. Mo ní ìtì igi tó gbé òrùlé yìí, igi kan náà ni, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Bí o bá gé e, ti àbúrò rẹ lo gé. Ó ní, "Màámi, ibi tó kọjá sọ́dọ̀ mi ni mo fẹ́ gé. Kí tirẹ̀ dúró síbi tirẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń pín nǹkan nílé yìí nìyẹn.
Òpònú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ
Ó gé e. Òrùlé wa já wálẹ̀ sórí ibùsùn. Ìyàwó tó ń kọ èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀ ni.
Adákẹ́ mú àdá. Ó ṣá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ léjìká. Alágídí fi ayùn ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ta sí bíríkì, pupa lórí pupa. Mo fa ọmọ odó yọ, mo là á mọ́ Adákẹ́ lórúnkún, mo là á mọ́ ìkejì ní ìgbọ̀nwọ́. Èmi ni mo bí wọn, mo mọ ibi tó máa dùn wọ́n.

Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án
Wọ́n ń bú ara wọn gba orí ògiri àárín, níbi tí òrùlé kò sí mọ́. Alágídí ní, "Ìwọ tí ìyàwó ń bọ́!" Adákẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀, ní, "Tèmi ń bọ́ mi. Tìrẹ dà?" Ìyàwó Alágídí ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.
Mo rẹ́rìn-ín. N kò purọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá
Alágídí gbé òòlù ti ògiri àárín. Ó ní òun fẹ́ rí ojú àbúrò òun dáadáa. Adákẹ́ ń fi ejìká tì í láti ọ̀dọ̀ wa. Ògiri tí kò di nǹkan kan mú ni. Ó wó lu Alágídí, ó bò ó dé ọrùn.
Adákẹ́ sáré, ó ń kó búlọ́ọ̀kù kúrò. Ó rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó rí i pé ó ṣì ń mí. Ó bá dúró. Ó jókòó lé àwókù náà, ó wò mí.
Ó ní, "Màámi, ta ló ni ilé?"
Mo ní kó yọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó tún bi mí, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń béèrè omi mímu. Ètè Alágídí ti ń dúdú. Mo ju ara mi sórí búlọ́ọ̀kù, agbára mi kò gbé ẹyọ kan.
Mo ní ìwọ ni.
Ó ní, "Gbogbo rẹ̀?"
Mo ní gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó tún bẹ̀rẹ̀ sí kó búlọ́ọ̀kù kúrò.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá
Itan Alágídí kan ṣẹ́. Dókítà ní yóò rìn. Ìyàwó Adákẹ́ bi mí bóyá kí òun fo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìṣẹ́gun. Mo ní kó má fo ó. Ó sunkún díẹ̀, ó kọ ọ́.
N kò ní kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ilé ti di ti Adákẹ́. Ó ti ń so igi òrùlé tuntun, ó ń ṣìkẹ́ mi, ó ń bu omi gbígbóná fún mi láràárọ̀. Ọmọ dáadáa.
Bí a bá jọ ń rìn, mo máa ń ní kó ṣíwájú, kí n lè máa rí ọwọ́ rẹ̀.