Obìnrin Inú Àwòrán Tó Fi Adìẹ Pamọ́

Agboolé Ọlábámijí,
Ọ̀fà,
Ìpínlẹ̀ Kwara.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 1969.

Dúrótìmí, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Caroline ìyàwó rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Iṣẹ́ rélùwéè ńkọ́? Wọ́n ní òtútù Jọ́ọ̀sì kì í bẹ̀rù akọ̀wé ìjọba, nítorí náà máa wọ ẹ̀wù méjì. Bàbá mi ń kí ọ. Ara èmi náà le, ọkàn mi nìkan ni kò jókòó sójú kan.

O rántí ọkọ̀ sinimá tó máa ń wá sí pápá ilé-ìwé lọ́dún 1959, tí ìwọ ń yí ẹ̀rọ, tí èmi sì ń túmọ̀. O rántí ìdílé inú fíìmù àwòrán yíyà yẹn, ọkọ onímú bí iṣu, ìyàwó rẹ̀ àti ìyá ọkọ, tí wọ́n máa ń kó sínú wàhálà tuntun nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá dé. Òyìnbó ni wọ́n ń sọ, òyìnbó náà sì yára jù mí lọ, nítorí náà ohun tó bá wù mí ni mo ń túmọ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lo ọdún mẹ́ta nílé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe, wọn kò kọ́ mi bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ padà nínú rẹ̀.

Ọkọ̀ náà tún dé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Fíìmù tuntun tí wọ́n gbé wá já, ni awakọ̀ bá fa ògbólógbòó kan yọ lábẹ́ àga. Ti obìnrin tó fi adìẹ pamọ́ ni. Ó béèrè ẹni tó lè túmọ̀ rẹ̀, gbogbo ọwọ́ sì nà sí mi.

Ọ̀rẹ́ mi, ọdún mẹ́wàá ti sọ fíìmù náà di nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọdé ní àwòrán náà ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Nígbà tí sójà inú rẹ̀ já sí kòtò, ibi tí a ti máa ń rẹ́rìn-ín títí a ó fi yí gbirigbiri, kò sẹ́ni tó mira. Ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ogun dìde, ó ká ẹní rẹ̀, ó gba ilé lọ. Mo rò pé ibẹ̀ ni wàhálà mọ.

Ṣùgbọ́n adìẹ ń bọ̀. O mọ ibẹ̀: ìyàwó jí adìẹ gbé, ó tì í sábẹ́ aṣọ, ikùn rẹ̀ yọ síta, ìyá ọkọ sì na ọwọ́ sí i. Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu: “Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó ń sùn.” Títí di òní, ẹni tó bá fi ẹran pamọ́ sábẹ́ ọbẹ̀ ní Ọ̀fà á ní ó ń sùn. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Tèmi kò fọ́, ó pa ọmọ ni.

Ìwọ àti èmi nìkan la mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ. Jẹ́ kí n tún un sọ, kó lè dun àwa méjèèjì. Gbádé ẹ̀gbọ́n mi, tí a jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, wà ní Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà nígbà náà, oyún Àdìkẹ́ ìyàwó rẹ̀ sì ti ń lọ sí oṣù kẹtàlá. Mo ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, mo rí i tó ń ká gèlè méjì mọ́ ikùn kó lè yọ bí oyún, mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ìyá Gbádé wọlé tó fẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo sọ fún ọ, o rẹ́rìn-ín, o ní kí n fi í sínú fíìmù. Àdìkẹ́ kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ pé oyún bàjẹ́. Ìyá Gbádé ti kú báyìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà ní pápá, Àdìkẹ́ wà níbẹ̀, ó bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Gbádé dé láti Kùmásì, òun náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

Ó tún wà níwájú lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbádé. Kò tíì bímọ. Mo wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, ojú tì mí, mo pa ẹnu mọ́. Àánú ni mo pè é. Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ dúró dè mí, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ibi tí mo ń wò. Orí kan yí, òmíràn yí. Kí adìẹ tó fò jáde, gbogbo pápá ti ń wo Àdìkẹ́. Gbádé náà wò ó.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. O mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ; láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá, Akọ̀wé ló ń pè mí. Lọ́jọ́ náà, orúkọ mi gan-an ló pè.

“Jímọ̀, ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé èmi ni. Ìdákẹ́ rẹ ló tú mi láṣírí.”

Mo béèrè ohun tí mo lè ṣe.

“Ọkọ mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí ni wọ́n ń wò lára mi. Lọ sọ ọ́ bó o ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, kó lè rí i pé àwòrán lásán ni.”

Mo ní n kò lè ṣe é. Ó ní mo ṣe é nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ mí.

Ọkọ̀ sinimá ti dé Ìlemọ̀nà. Mo gun kẹ̀kẹ́ lé e, mo parọ́ fún awakọ̀ pé àwọn àgbà Ọ̀fà ló ní kó padà. Ó padà wá lọ́jọ́bọ̀. Pápá kún. Nígbà tí adìẹ dé, mo sọ ọ́, mo fi ohùn obìnrin sọ ọ́, mo tún ké bí adìẹ. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Gbádé fọwọ́ lu orúnkún, ó sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé òun ti gbàgbé pé ó dùn tó bẹ́ẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bá mi kí Caroline àti àwọn ọmọ. Jọ̀wọ́, má ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, kí o sì dáná sun ún bí o bá kà á tán.

Ó ku ohun kan. Mo wo Àdìkẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀ fíìmù náà. Ẹ̀rín rẹ̀ ròkè ju ti gbogbo wọn lọ, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára Gbádé, ó ń wò ó bóyá òun náà ń rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ni mo ti ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín, n kò tíì rí ẹni tí ẹ̀rín di iṣẹ́ agbára fún bẹ́ẹ̀ rí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀,
Jímọ̀ Ọlábámijí.