Ìwé Ẹ̀rí Iṣẹ́ Iná Tí Bàbá Rẹ Kò Gbà

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun lásìkò, àbí tíì àti búrẹ́dì náà lo ṣì fi ń ṣe oúnjẹ alẹ́? Àwa ńlé dúpẹ́. Orúnkún mi ọ̀tún ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Àbúrò rẹ obìnrin ti bímọ, akọ ni, ó sì jọ bàbá rẹ débi pé mi ò lè wò ó pẹ́ kí omi má bọ́ lójú mi. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, a ò ní fi ẹkún pàdé ara wa.

Mo gbọ́ ohùn tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù aránṣọ ọ̀kánkán ilé wa, ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti bá ọ rò. Bó o ṣe kí mi ni mo dáhùn, mo sì béèrè àlàáfíà rẹ, o ò dá mi lóhùn, ńṣe lo kàn ń bá ọ̀rọ̀ rẹ lọ. Aránṣọ ní ohùn tó o ti sọ sílẹ̀ láti àná ni, pé o ò lè gbọ́ mi. Mo ní kó tún un tẹ̀, bóyá wàá dáhùn lẹ́ẹ̀kejì. O ò dáhùn. Mo ti dárí jì ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà yé mi ṣá. O fẹ́ fi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ kó o lọ kọ́ iṣẹ́ iná ní ilé ẹ̀kọ́, ọ̀nà méjì ló sì wà, ti oṣù mẹ́fà tí owó rẹ̀ kò pọ̀, àti ti ọdún méjì tí owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani. O ní ti oṣù mẹ́fà lo máa ṣe, kó o lè tètè máa fi owó ránṣẹ́ sí mi dáadáa. Aránṣọ bá mi tẹ ìwé ìpolówó ilé ẹ̀kọ́ náà jáde, mo fi awò ojú bàbá rẹ kà á. Mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹni tó bá ṣe ti ọdún méjì, iye báyìí ni yóò máa gbà lóṣù. Mo ní àṣé ilé ẹ̀kọ́ yìí ń sanwó, kí ló wá dé tí wọ́n tún ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn, ṣé wọn ò lè yọ tiwọn níbẹ̀ kí wọ́n fún ọ ní ìyókù ni?

Ni mo bá wọ bàtà tí mo fi ń ròde, mo gba báǹkì lọ. Mo na ìwé náà sí akọ̀wé tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì, mo ní kó bá mi pa àyè mọ́ fún owó ọmọ mi tó ń bọ̀, kí owó àwọn ẹlòmíràn má baà gba gbogbo ibẹ̀ tán. Ọmọ dáadáa ni, kò fi mí rẹ́rìn-ín títí mo fi kúrò níwájú rẹ̀. Ó ní kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ ló ń san án, ẹni tó bá gbà ọ́ síṣẹ́ lẹ́yìn tó o bá ṣetán ni. Ó ní ẹni tó ṣe ti oṣù mẹ́fà lè fa wáyà, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ti ọdún méjì ló lè fọwọ́ sí ìwé pé iṣẹ́ náà dára.

Ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí yẹn ló mú mi rántí bàbá rẹ títí mo fi délé.

Ṣé o rántí bí bàbá rẹ ṣe máa ń wọlé nírọ̀lẹ́, tí eruku ògiri tó gbẹ́ á kún irun rẹ̀, tí wàá sáré lọ tú àpò rẹ̀ wá àjákù wáyà? Wàá bó rọ́bà ara rẹ̀, wàá fi kọ́pà inú rẹ̀ ṣe òrùka fún mi. Mo ṣì ní ọ̀kan. Lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá rẹ á máa fi ìka ya ilé tó fẹ́ kọ́ fún wa sórí tábìlì, á ní ibí ni súìsì máa wà, èmi náà á na ọwọ́, mà á tẹ̀ ẹ́, àwa méjèèjì á wo òkè bíi pé iná tàn. Àárò ọjọ́ wọ̀nyẹn ń sọ mí, ọmọ mi.

Ohun tí o ò mọ̀ ni pé ìdajì owó iṣẹ́ rẹ̀ ni bàbá rẹ ń gbà. Gbogbo ibi tó bá fa wáyà sí, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Ọ̀gá Onímọ́tò ló ń wá fọwọ́ sí i, torí òun ló ní ìwé ẹ̀rí. Kò ní pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ rárá, yóò buwọ́ lùwé, yóò gba ìdajì, ó ti lọ nìyẹn. Mi ò bá a jà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ ń ṣe àìsàn tó gbé e lọ, ní ọsibítù tí òun fúnra rẹ̀ fa iná sí, wọ́n tan iná, ó nàka sókè, ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ni òun fà á. Nọ́ọ̀sì ní kí bàbá sinmi, pé ibà ló ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ wò mí, kò sì sọ ọ́ mọ́. Ó dùn mí títí dòní.

Nítorí náà, ti ọdún méjì ni kó o lọ ṣe. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Owó rẹ̀ pọ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tí bàbá rẹ san ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi san án. Owó tí ò ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, dá a dúró, fi kún owó ilé ẹ̀kọ́, má sì bá mi jiyàn. Adìyẹ mi ń yé, ẹyin ń tà.

Owó kan ṣoṣo ni mo ń tọrọ, kì í sì í ṣe nísinsìnyí. Tí ọjọ́ tí ẹ máa gba ìwé ẹ̀rí yín bá kù fẹ́ẹ́rẹ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ọlọ́run yóò ṣí ọ níyè, iná kò ní gbé ọ, ẹlòmíràn kò ní gba orúkọ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Aránṣọ ní wọ́n á fi gbohùngbohùn pè yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ, wọ́n á pe ti bàbá rẹ mọ́ ọn, mo sì fẹ́ wà níbẹ̀ kí n bá a dáhùn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.