Abẹ́rẹ́ Tí N Kò Gún fún Qonitah

Ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Àbẹ̀ḿbí,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àti àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ yín ní Lọ́ńdọ̀nù. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Bódìjà. Qonitah ọmọ yín ti ń rìn dáadáa, ọgbẹ́ rẹ̀ ti jiná, ọmọ rẹ̀ sì ń mu ọyàn.

Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n sọ èyí lórí fóònù. Abẹ́rẹ́ ìdènà ni oògùn apakòkòrò tí a máa ń gún fún aláboyún, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan, láàárín wákàtí kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí kòkòrò má bàa wọ ojú ọgbẹ́. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún Qonitah láti gbé ọmọ rẹ̀ jáde, Nọ́ọ̀sì Wùnmí fẹ́ ka ìwé tí kì í jẹ́ ká gbàgbé nǹkan kan. Mo ní, "Wùnmí, àlejò là ń kà á fún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí." Qonitah rẹ́rìn-ín. N kò rántí abẹ́rẹ́ náà.

Nígbà tí ọgbẹ́ ń ṣọyún, ẹ ní omi gbígbóná tí ìyá ọkọ rẹ̀ fi ń wẹ̀ ẹ́ ló fà á. Mo mọ̀ pé báńdéèjì ò tíì kúrò, omi ò kan ọgbẹ́ rárá, síbẹ̀ mo dákẹ́. Ẹ bú wọn lórí fóònù, wọ́n sì di ẹrù wọn padà sí Baṣọ̀run.

Mo ti jẹ́wọ́ fún Qonitah. Lánàá, mo lọ bẹ ìyá náà. Wọ́n ní, "Dókítà, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ bú mi."

Ọlọ́hun yóò máa ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lónìí lẹ́yìn ìrun Alásárì, ìgbà yẹn ni ọwọ́ wọn máa ń dilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ pé èmi ni mo jẹ̀bi, kí ẹ tó tọrọ àforíjì tiyín.

Àbúrò yín,
Suhail