Àmì Ọ̀dà Pupa Lára Àpótí Àárín

Mọ́ńdè, 4 oṣù kẹta
Ọ̀gá ní kí n yan àpótí àárín tí a ó máa lò fún ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò mú pákó gbẹ. Àpótí yìí ló ń bá ẹ̀rọ àti pákó làjà. Bí kò bá là á dáadáa, agbára tí a rán sínú pákó á ṣẹ́rí padà. Ti àtijọ́ — kọ́ìlì kan, kapásítọ̀ kan, ọwọ́ la fi ń yí i. Tuntun — kapásítọ̀ méjì, mọ́tò á máa yí wọn fúnra rẹ̀ bí pákó bá ṣe ń gbẹ. Kí ló tún kù láti rò? Àmọ́ ọkọ mi ló ṣe ti àtijọ́. Òun ló fi ọ̀dà pupa sàmì ibi tó yẹ kí bọ́tìnì rẹ̀ dúró. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ín lọ́dún tó kọjá ni.

Wẹ́sídè, 6
Mo wọn ti àtijọ́. Ó dáa! — Pákó gbígbẹ ni mo fi wọ̀n ọ́n. Mo mọ̀. Tútù ló ń wọlé lásìkò yìí, òun ló sì le láti bá làjà.

Tọ́sìdè, 7
Mo sọ fún ọ̀gá pé ti àtijọ́ ṣì lágbára. Adúmáadán, àbúrò ọkọ mi tó ń darí ẹ̀rọ náà, ní, “Ìyàwó wa, ṣé ó dá ẹ lójú?” Mo ní ẹ jẹ́ n rímú mí jàre. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an.

Túsìdè, 12
Pákó tútù. Agbára ṣẹ́rí padà, àpótí bú gbàù. Adúmáadán ló wà nídìí rẹ̀. Ó ní ibi àmì ẹ̀gbọ́n òun lòun yí i sí. Ìka méjì jóná, ọwọ́ ọ̀tún.

Wẹ́sídè, 13
Oúnjẹ ò lọ.

Fúráìdè, 15
Mo bá ìyá ọkọ mi ní ọsibítù. “Ọ̀kan ló kù mí kù, ìyàwó mi.” Mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ pákó gbígbẹ fún wọn. Wọ́n kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè jókòó. Wọn ì bá kúkú gbá mi létí. Nítorí òkú, mo fẹ́ẹ̀ pa alààyè.

Mọ́ńdè, 25
Tuntun dé. Mo ní èmi ni màá tú ti àtijọ́. Adúmáadán wá pẹ̀lú báńdéèjì, ó fi ọwọ́ òsì mú tọ́ọ̀ṣì fún mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ì bá ti yọ ọ́ ṣáájú ẹ.” Mo sunkún níṣojú rẹ̀, kò sì dá mi lẹ́kun. A so tuntun, a ti pákó tútù wọlé, abẹ́rẹ́ tó ń wọn agbára tó bá ṣẹ́rí padà ò mì rárá.
Ọ̀dà pupa yẹn ṣí, ó há sí mi léèékánná. Mo ti délé tipẹ́, ebi ń pa mí. Mi ò tíì fọwọ́.