Abẹ́rẹ́ Àwọn Ìbejì Kaboua

Ṣábẹ̀, lẹ́yìn ọjà ọjọ́ Ẹtì

Hélène ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ títí, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé Kétu gbà yín dáadáa? Àwa náà ń bẹ, a ń jẹ, a ń mu, a sì ń dúpẹ́. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà, kó sì bá ọ lórí ìjókòó, torí ìròyìn tí mo gbé dání kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ ní ìdúró.

O rántí ọjọ́ tí o ń lọ. O di ẹrù rẹ mú ní ibùdókọ̀, o ń sunkún bí ọmọdé, o ní gbogbo iṣẹ́ tí o ṣe ní Ṣábẹ̀, ti ìbejì Alimatou ọmọ mi ti bà á jẹ́ lójú rẹ. O ní, “Zénabou, bí èèyi bá wọ Kaboua pẹ́nrẹ́n, àwọn ọmọ yẹn ni yóò kọ́kọ́ mú.” Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mi ò rí èsì fún ọ lọ́jọ́ náà.

Ìwọ náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Ọjọ́ tí o gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára dé Kaboua, ara Táyé gbóná gan-an. O ní kí wọ́n mú un padà wá tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, o sì fẹ́ gún Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá Àyìnkẹ́, ìyá ọkọ Alimatou, já ọmọ méjèèjì gbà, ó ní èèwọ̀ ni: ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan nínú ìbejì la ń ṣe fún èkejì, ẹni tó bá dá ti ọ̀kan ṣe, ó ń yà wọ́n ni. Kí o tó padà débẹ̀, wọ́n ti kó lọ sí abà fún iṣẹ́ ebè. Kí ìyá náà sì tó rọ̀, wọ́n ti gbé ọ lọ sí Kétu.

Hélène, èèyi dé. Nígbà tí ọyẹ́ ń mú ni a gbọ́ pé ó ti wà ní Boni nítòsí wa níbí. Mi ò tilẹ̀ palẹ̀ kajú tí mo ń rà mọ́. Mo fò sẹ́yìn alùpùpù sémíjàn, eruku sọ mí di ẹni pupa, ó di abà Kaboua. Mo bá Ìyá Àyìnkẹ́ níbi tó ti ń fi òrí pa àwọn ọmọ lára. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, àna mi, ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.” Ó ní, “Zénabou, èèyi kì í ṣe àjèjì sí mi. Ọmọ tí mo ti tọ́jú nínú èèyi kò lóǹkà. Mo gbé wọn sùn, mo jẹ àjẹkù wọn, kò sì mú mi.” Mo bi í pé, “Kí ló dé tí kò fi mú yín?”  Ó ní, “Táyé mi ló ń dí i lọ́nà.”

Háà! Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni wọ́n bí ìyá yìí, àti pé Àyìnkẹ́ tí gbogbo wa ń pè é, oríkì rẹ̀ ni. Èèyi mú òun àti èkejì rẹ̀ pọ̀ nígbà tí wọ́n wà ní kékeré. Táyé kú, òun là á. Láti ìgbà náà ló ti gbà pé èkejì òun ló ń dúró lẹ́nu ọ̀nà fún òun. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí o máa ń kọ́ wa ti bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní, “Ìyá, mi ò bá Táyé yín du ọpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ ara yín náà. Àwọn ọmọ ogun wà nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí èèyi kọ́kọ́ wọlé, wọn ò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tó mọ bí wọ́n ṣe máa bá a jà, ó ti bà yín nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣẹ́gun, wọn ò sì gbàgbé rẹ̀ mọ́. Bí ajá yín tó ti gbóòórùn olè lẹ́ẹ̀kan ni: bí olè yẹn bá tún yọjú lókèèrè, ó ti ń gbó.” Mo ní èèyi tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú abẹ́rẹ́, kí ara ọmọ lè mọ̀ ọ́n kí ìjà tó dé. Mo wá sọ èyí tó ń ta mí lọ́kàn: “Kí ara yín tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, Táyé bá a lọ. Àwọn wọ̀nyí lè kọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má lọ. Èèyi ò mọ èèwọ̀ ìbejì, Ìyá. Ó lè mú ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Ta ló wá ń yà wọ́n?”

Mo rò pé yóò lé mi. Àfi bó ṣe gbé Táyé pọ̀n, tó ní kí Alimatou pọn Kẹ́hìndé, ó ní, “Kí lẹ tún ń wò?”

Wàhálà ò tán o. Nílé ìwòsàn, Ulrich tó gba ipò rẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Táyé. Ìyá ní rárá, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán Táyé wá wo ayé. Ulrich mú Kẹ́hìndé, ìyá ní ṣé kí Táyé wá máa wòran ni? Ọmọkùnrin náà làágùn. Ló bá pe agbẹ̀bí: abẹ́rẹ́ méjì, apá méjì, ení, èjì, ẹ̀ta! Igbe kan náà ni wọ́n ké. Gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́, èmi jó.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, ara àwọn méjèèjì gbóná díẹ̀. Ulrich yẹ̀ wọ́n wò, ó ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, ara ń kọ́ṣẹ́ ni. Mo rò pé ìyá máa bú mi lórí fóònù. Ohun tó bi mí ni pé, “Ṣé ajá ló ń gbó yẹn?” Mo ní òun ni. Ó ní, “Kó gbó dáadáa.”

Kò pẹ́ tí èèyi fi wọ Kaboua lóòótọ́. Ọmọ Marcel aládùúgbò wọn ló mú, èyí tí òun àti ìbejì jọ ń jẹun nínú àwo kan. Ojú ọmọ náà pọ́n, ara rẹ̀ sú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó dùbúlẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n ó ti gbádùn. Alimatou ò lè jẹun. Gbogbo ìgbà ló ń ṣí aṣọ àwọn ọmọ wò. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, kò sí nǹkan kan tó yọ lára wọn. Ìyá Àyìnkẹ́ wá di oníwàásù, ó ń ti ojúlé dé ojúlé, ó ń lé àwọn ìyá ọlọ́mọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ń jiyàn, á sọ ìtàn Táyé rẹ̀ fún un.

Lánàá, nígbà tí Ulrich sọ pé èèyi ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní agbègbè wa, ìyá se ẹ̀wà fún gbogbo ọmọ abà. Ó gbé ìbejì lé itan, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Zénabou, kọ̀wé sí ọmọ Kétu yẹn. Sọ fún un pé èèyi wá, ó bá méjì, ó fi méjì sílẹ̀ lọ.”

Èsì tí mo jẹ ọ́ ní gbèsè láti ibùdókọ̀ nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Ọwọ́ tí o fi tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ kò ní rọ. Àwọn tìrẹ náà yóò yè, wọn yóò dàgbà lójú rẹ, Ọlọ́run kò ní fi ẹkún pààrọ̀ ẹ̀rín wa.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè dákẹ́,
Zénabou, Ìyá Alimatou

Àfikún: Iṣu tí Patrick awakọ̀ gbé wá bá ọ, ti Ìyá Àyìnkẹ́ ni. Méjì-méjì ló so wọ́n pọ̀. Mo fẹ́ yọ ọ̀kan níbẹ̀ fún oúnjẹ alẹ́ mi, ojú tí ìyá fi wò mí kò ṣeé kọ sínú ìwé.