Abọ́ Yín Dé Ilé Tuntun

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

A ti rí ilé o. Mo ní kí n tètè sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí èèyàn gbé ìròyìn ayọ̀ sẹ́nu bí obì. Ilé ìjọba ni, ní Sùúrùlérè: yàrá méjì, ilé ìdáná tiwa, ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé. Lánàá la kó wọ ibẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí, mo sì ń dá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú.

Ẹ rántí yàrá wa ní Pápá Àjàó. Ìdí ilẹ̀kùn lẹ máa ń tẹ́ ẹní yín sí kí àwọn ọmọ lè rí ibi na ẹsẹ̀. Ẹ máa ń ní atẹ́gùn ibẹ̀ ló dára. Irọ́ ni, ẹ̀fọn ló wà níbẹ̀. Ó dùn mí pé n kò já irọ́ yẹn rí nígbà tí ẹ wà láyé.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán, onílé ní ọmọ òun fẹ́ gbéyàwó, kí a wá ibòmíràn gbà. Gbogbo ibi tí mo dé, owó ilé ju agbára káfíńtà rélùwéè lọ. Ni ẹ̀gbọ́n yín bá ránṣẹ́ láti Ìjẹ̀bú pé kí n fi Jẹ́mílá ránṣẹ́ sí òun, kí Ráúfù sì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ àbúrò mi tó kú! Àwọn tí ẹ torí wọn di ọwọ́ mi mú lórí ibùsùn àìsàn, tí ẹ ní n má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n túká láé.

Níbi iṣẹ́ ni mo ti gbọ́ pé ìjọba ń kọ́ ilé fún òṣìṣẹ́ tówó rẹ̀ kò tó nǹkan, pé wọ́n á bá ni gbé lára owó ilé náà. Mo gba fọ́ọ̀mù. Wọ́n bèèrè orúkọ, mo kọ ọ́. Wọ́n bèèrè iṣẹ́, mo kọ ọ́. Wọ́n wá bèèrè iye ọmọ. Ìyá mi, ta ló tọ́ mi? Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbá mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo nawọ́ sí àwọn ọmọ, tí mo ń ka oókan, eéjì? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "A dúpẹ́."

Nígbà tí ìwé máa dé, yàrá kan ni wọ́n fún wa, yàrá tọkọtaya tí kò tíì bímọ.

Mo sáré lọ sí ọ́fíìsì wọn. Bàbá akọ̀wé kan, ọmọ Ẹ̀gbá, yọ fọ́ọ̀mù mi jáde, ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ lo kọ èyí? 'A dúpẹ́,' mélòó ni?" Ó ní ilé ṣì kù, àmọ́ òun gbọ́dọ̀ wá fojú ara òun rí wa kí òun tó tún ìwé kọ.

Ó dé lọ́jọ́ Sátidé. Bó ṣe na pẹ́ńsù sí àwọn ọmọ ni ìyàwó mi, Mútíátù, figbe ta: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà wọ́n o!"

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ṣé ẹ rò pé wọn ò kọ́ mi nílé ni? Kí lẹ wá fẹ́ kí n kọ báyìí?"

Jẹ́mílá ló dìde, tó lọ kó àwọn abọ́ wá, tó tò wọ́n síwájú bàbá náà bí ẹ ti máa ń tò wọ́n nírọ̀lẹ́. Ẹ kì í ka ọmọ, àmọ́ abọ́ lẹ fi ń mọ̀ bóyá gbogbo wa ti wọlé. Bí oníkálukú bá mú tirẹ̀ tí ọ̀kan ṣẹ́kù, ẹ ó ní ẹnì kan ṣì wà níta, ẹ ó sì jáde lọ wá a.

Bàbá akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó ka abọ́. "Ó tó yàrá méjì, ó tó o gẹ́lẹ́."

Ìgbà náà ni mo rí tiyín láàárín wọn, abọ́ tánganran aláwọ̀ búlúù tí etí rẹ̀ ti bó. Jẹ́mílá kò ṣèrú. Ojoojúmọ́ ló ṣì ń fọ̀ ọ́ mọ́ tiwa. Mútíátù ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́. Mo fẹ́ dákẹ́, Ìyá mi, torí yàrá kejì wà nínú abọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n n kò lè fi yín purọ́. Mo nawọ́, mo mú un kúrò. Mo ní ti ìyá mi ni, wọ́n ti ṣaláìsí. Àfi bí ẹni pé èmi ni mo lé yín jáde. Ṣé ó dùn yín?

Bàbá náà wo abọ́ ọwọ́ mi, ó wo àwọn ọmọ, ó kọ nǹkan, ó lọ. Títí dòní n kò mọ ohun tó kọ. A ti ń di ẹrù Jẹ́mílá tó ń lọ sí Ìjẹ̀bú nígbà tí ìwé dé pé yàrá méjì.

Ẹ ò bá rí Ráúfù lánàá! Ó sùn gbalaja sáàárín ilẹ̀, ó na apá, ó na ẹsẹ̀, kò kan ẹnikẹ́ni. Mo kọjú sí ògiri, mo sunkún díẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ àná, Jẹ́mílá kó àwọn abọ́ jáde nínú apẹ̀rẹ̀ tá a fi kó ẹrù, ó to gbogbo wọn sílẹ̀. Oníkálukú mú tirẹ̀. Tiyín ṣẹ́kù. Mo mọ ibi tí a sin yín sí, ọwọ́ mi yìí ni mo fi bu yẹ̀pẹ̀ lé yín. Síbẹ̀ mo dìde, mo ṣílẹ̀kùn, mo jáde lọ wo òpópónà, bóyá ẹ kò dá ilé mọ̀ ni.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí àárò yín ń sọ, tí kò tíì fẹ́ ti ilẹ̀kùn.