Àyè Tí Ẹ Ní Kí N Fi Sílẹ̀

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìsinmi. Mo ti gbé ẹ̀rọ ata yín padà sí Òkè-Ìlá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ̀ pé mo gbé e kúrò níbẹ̀?

Ẹ rántí géèmù tí mo máa ń gbá lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú. Ibi téèyàn bá gbé ilé sí ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Tí ilé ẹ̀rọ bá wà níbi tó yẹ ẹ́, géèmù á fún èèyàn ní máàkì, á tún bu èènì sí i. Tí kò bá wà níbi tó yẹ, kò sí èènì, àwọn ará ìlú á sì máa ṣàròyé. Eré ọ̀lẹ ni ẹ kọ́kọ́ pè é. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan tí a ti Mísà dé, ẹ jókòó tì mí, ẹ fi etí abẹ̀bẹ̀ yín tọ́ka sí ohun tí ẹ pè ní ulé ẹ̀rọ, ẹ ní kí n gbé e súnmọ́ kànga, kí n sì fi ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀ tí n kò ní kọ́ nǹkan kan sí. Mo ṣe é kí ẹ lè jẹ́ kí n rímú mí. Ni máàkì bá fò sókè. Èmi tí mo jáde yunifásítì, ẹ̀yin tí ẹ ò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Láti ọjọ́ náà lẹ ti ń béèrè àlàáfíà àwọn ará ìlú wa lọ́wọ́ mi.

Síbẹ̀, n ò kọ́gbọ́n. Nígbà tí a sin yín tán, èmi amòye wo ṣọ́ọ̀bù yín ní Òkè-Ìlá, mo ní kọ̀rọ̀ ló wà. Mo gbé ẹ̀rọ lọ sí Fájuyì níbi tí èrò pọ̀ sí. Èrò ń kọjá lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ ni wọ́n ń wá. Ta ló ń gbé ata tútù wọkọ̀? Kò ju oṣù mẹ́ta lọ tí ẹ̀rọ tí ẹ fi rán èmi àti àbúrò mi níléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í kó eruku jọ. Ojú tì mí, Màmá. Mo rò pé mo ti ba iṣẹ́ ọwọ́ yín jẹ́ nìyẹn.

Mo wá lọ sí Òkè-Ìlá láti gbé àga gígùn yín tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí n lè tà á. Mo bá àwọn obìnrin àdúgbò lórí rẹ̀. Wọ́n ti fọ ata wọn tán lẹ́nu kànga, wọ́n ń sinmi kí wọ́n tó gun òkè lọ síbi ẹ̀rọ ẹlòmíràn. Mo dúró, mo wò yíká. Kànga rèé lọ́tùn-ún, àwọn aláta rèé lósì, igi fúrúùtù ṣíji bo àga, èéfín ẹ̀rọ a sì máa gba ẹ̀yìn lọ sínú ìgbẹ́, kì í wọlé ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo sọ pé àga yẹn kàn ń gba àyè lásán. Ta ló kọ́ yín? Ohun tí ẹ rí lórí ìjókòó yẹn, mo dé Fájuyì, n ò rí i.

Ní Sátidé tó kọjá, kí n tó tan ẹ̀rọ, àga ti kún, àfi ìpẹ̀kun rẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ igi, ibi tí ẹ máa ń jókòó sí. Ìyá àgbà kan dé, ó ti rẹ̀ ẹ́, síbẹ̀ ó gbé abọ́ ata rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dúró, kò jókòó sí àyè yín. Ata tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ̀.

Ilẹ̀ tí ẹ ní kí n fi sílẹ̀ ṣì wà nínú géèmù. Gbogbo ilé tó yí i ká ló ń gba èènì lára rẹ̀. N ò ní kọ́ nǹkan kan sí i.

Èmi ni ọmọ yín, tó ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè yín.